Ìdajì Òwe Tí À Ń Gbàgbé

“Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún.” Ìdajì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń pa. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà, ẹni tí lánlọ́ọ̀dù fẹ́ lé jáde, òun la fi ń tù nínú: fara balẹ̀, ọ̀la á dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òwe náà délẹ̀. Babaláwo kò káwọ́ gbera kó máa retí ọ̀la. Ó tún gbé ọpọ́n kalẹ̀, ó tún bu ìyẹ̀rosùn, ó tún bi Ifá léèrè, torí èsì ìjárùn-ún ti di èsì àná.

Ẹ wo ìyá kan tó ń ta àǹkárá ní ọjà Tejúoṣó, ní Yábà, nílùú Èkó. Láàárọ̀, orí ń fọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń gúnyán nínú rẹ̀. Kó tó ka owó oníbàárà tán, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ, náírà fọ́n ká sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ sáré gbé e sọ́kọ̀. Láti Tejúoṣó sí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà, àmọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Ojúẹlẹ́gbà wà láàárín. Nígbà tí wọ́n ya síkáànù orí rẹ̀, wọ́n rí i pé iṣan kan ti bẹ́ nínú ọpọlọ. Ọpọlọ rí bí eérú lójú àwòrán. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà síbẹ̀ funfun báláú.

Àkọ́bí ní, “Dókítà, màmá ṣì ń dá wa lóhùn, ẹ̀jẹ̀ náà ò sì pọ̀. A dúpẹ́.”

Dókítà ní, “Bó ṣe wà báyìí lẹ rí yẹn. Ẹ jẹ́ ká mọ bó ṣe máa wà lálẹ́.”

Dókítà yìí ló pa òwe náà délẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1997 tọpa 103 irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Wákàtí kan péré lẹ́yìn àwòrán àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ náà ti fẹ̀ gidigidi lára ìdá 26 nínú 100 wọn. Kó tó di 20 wákàtí, ìdá 12 mìíràn ti kún un. Wákàtí ni ọrọọrún tiwọn.

Ta wá ni tirẹ̀ máa fẹ̀? Lọ́dún 2007, àwọn dókítà ní Kánádà ṣàlàyé àmì kan. Wọ́n á gún oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ tàn lójú àwòrán sínú iṣan aláìsàn. Bí ohun kan bá ń tàn yòò láàárín ìṣù ẹ̀jẹ̀ náà, tí kò ju orí ìṣáná lọ, a jẹ́ pé ojú ibẹ̀ kò tíì dí, ó ṣì ń jò. Láti 2015, àwọn dókítà ní Ṣáínà ń tọ́ka sí àwọn àmì tí síkáànù lásán, tí kò gba oògùn, lè fi hàn: ìṣù tí apá kan rẹ̀ mọ́ tí apá kejì ṣú, ihò dúdú nínú funfun, erékùṣù kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣù ńlá. Èyí wúlò níbi tí ẹbí ti ń tú àpò ara wọn sanwó.

Àmọ́ àmì kì í ṣe ìdájọ́. Ẹlòmíràn ní in, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró. Ẹlòmíràn kò ní in, tirẹ̀ fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ aláìsàn, tí wọ́n sì lè tún àwòrán yà.

Ifá tí a dá tí a kò rúbọ rẹ̀ ńkọ́? Ìwádìí INTERACT3, tó jáde lọ́dún 2023, yẹ ẹbọ tibí, ìyẹn ìtọ́jú, wò lára 7,036 aláìsàn ní ilé ìwòsàn 121, ní orílẹ̀-èdè 10. Nàìjíríà wà nínú wọn. Wọ́n ń sapá kí nọ́ńbà òkè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ sábẹ́ 140 láàárín wákàtí kan, wọ́n ń kápá ṣúgà àti ibà, wọ́n sì ń pa agbára oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ara àwọn tí wọ́n tọ́jú báyìí yá ju tàwọn yòókù lọ.

Nígbà tí dókítà ṣàlàyé tán, àkọ́bí ìyá aláǹkárá kò sọ pé “a dúpẹ́” mọ́. Ó gbójú sókè wo aago ara ògiri, ó ní, “Aago mélòó la tún máa yà á?”