Ta Ló Jẹ́ Kí Ọjọ́ Kọjá?

Ìyá kan ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá bá mi nídìí káńtà, ìwé ìdájọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, ó sì tún fi gèlè wé e kí òjò má baà kàn án. Orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń jà. Ó pàdánù nílé-ẹjọ́ gíga, ó wá sanwó fún lọ́yà rẹ̀ kí ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn n'Íbàdàn. Ó fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n máa pe ẹjọ́.

Mo gbé fáìlì rẹ̀ wá, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ilẹ̀. N kò rí ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kankan níbẹ̀. Mo wo ọjọ́ tó wà lórí ìdájọ́, mo ṣírò rẹ̀ lórí ìka: oṣù mẹ́ta ti pé, ọjọ́ 11 ti lé e. Oṣù mẹ́ta sì ni òfin fún ẹni tí ìdájọ́ ìkẹyìn ilé-ẹjọ́ gíga kò bá tẹ́ lọ́rùn, nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Bó bá jẹ́ ìpinnu tí adájọ́ ṣe láàárín ẹjọ́ ni, ọjọ́ 14 péré ni. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, “Ọ̀gá mi, mo ti sanwó o.” Ó tún un sọ, ó tún un sọ, bí ẹni pé etí mi ni kò gbọ́.

Ọdún 29 ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ pé òfin kò ti ilẹ̀kùn mọ́ irú ìyá yìí pátápátá. Ó lè lọ tọrọ àfikún àkókò n'Íbàdàn, wọn yóò sì bi í ní ìbéèrè méjì: kí ló dá a dúró, àti pé ǹjẹ́ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀? Ṣùgbọ́n ó ní láti gba lọ́yà mìíràn, kó sì búra lórí ìwé pé lọ́yà àkọ́kọ́ ló sùn lọ. Kó tó rí owó ìyẹn kó jọ, àwọn tó jàre ti ta ilẹ̀, ẹni tó rà á sì ti kọ́lé dé òrùlé. Ìyá fi í sílẹ̀.

Ohun tí mò ń sọ láti ìgbà náà ni pé kí adájọ́ tó sọ pé ọjọ́ ti kọjá, kó kọ́kọ́ wádìí ẹni tó jẹ́ kó kọjá. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ló ká gúọ́, kó fara mọ́ ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bó bá jẹ́ lọ́yà ni, kí lọ́yà san owó ìtanràn láti inú àpò ara rẹ̀, kì í ṣe àpò oníbàárà, kí ẹjọ́ sì máa lọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Láti ìgbà ẹjọ́ Bowaje àti Adediwura ní 1976 ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti ń sọ pé a kì í sábàá fi ìyà àṣìṣe lọ́yà jẹ oníbàárà rẹ̀. Àmọ́ lọ́yà kejì ló máa lọ rán ilé-ẹjọ́ létí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹni tí kò sì lówó lọ́yà kejì kò ní jẹ àǹfààní rẹ̀.

N kò ní kí a má dá ọjọ́ sí ẹjọ́. Mo rí opó kan ní Ọ̀yọ́ tí ayálégbé rẹ̀ kọ̀ láti sanwó, tí kò sì jáde. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe ẹjọ́ ni obìnrin yìí ń ti ìsọ̀ rẹ̀ ní Akẹ̀sán pa. Lónìí, ara lọ́yà ayálégbé kò yá. Nígbà mìíràn, tírélà ti dábùú lọ́nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹlẹ́rìí há sí Odò Ọbà. (Nígbà mìíràn, òótọ́ ni ti tírélà. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà yẹn.) Ní Ọ̀ṣun tó múlé tì wá, ìbò gómìnà tí wọ́n dì ní oṣù kẹrin 2007, oṣù kọkànlá 2010 ni Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ pé Ọ̀gbẹ́ni Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá ló wọlé. Irú ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ 180 sínú Òfin Ìpìlẹ̀ fún ẹjọ́ ìbò. Ní 2012, lórí ìbò gómìnà Borno, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní kò sẹ́ni tó lè fi ọjọ́ kan lé e. Mo fara mọ́ ọn fún ẹjọ́ ìbò, nítorí ọdún mẹ́rin ni sáà gómìnà, ojoojúmọ́ ló sì ń jẹ tán lọ. Ilẹ̀ bàbá ẹni kò ní sáà.

Bí a bá sọ ọjọ́ di òòṣà, ibi tó máa gbé wa dé ni ti Amẹ́ríkà, nínú ẹjọ́ Bowles àti Russell. Adájọ́ fún ẹlẹ́wọ̀n kan ní ọjọ́ 17 láti pẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ 14 ló wà nínú òfin. Ẹlẹ́wọ̀n náà gba ọ̀rọ̀ adájọ́ gbọ́, ó gbé ìwé rẹ̀ lọ ní ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ní 2007, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án nílé-ẹjọ́ wọn tó ga jùlọ ní ó ti pẹ́ jù.

Níbí, èyí tó dùn mí jù ni òfin ààbò òṣìṣẹ́ ìjọba tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe fún wa ní 1916. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ṣe ọ́ níṣekúṣe lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́ta lo ní láti pè é lẹ́jọ́. Irú rẹ̀ tí àwọn òyìnbó ṣe fún ara wọn ní 1893, wọ́n ti fagi lé e ní 1954. Tiwa ṣì wà. Ní 2019, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ yọ àdéhùn iṣẹ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀, ọpẹ́ ni. Ẹni tí wọ́n wó ìsọ̀ rẹ̀, tó ń fi oṣù mẹ́ta bẹ àwọn àgbà kí wọ́n bá a dá sí i, nítorí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ta ni yóò yọ òun?

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí Adájọ́ Àgbà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ka ìdájọ́. Ògbufọ̀ á sọ ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi, ó parí. Kí akọ̀wé kóòtù máa fún ẹni tó jẹ̀bi ní ìwé pélébé kan lójú ẹsẹ̀, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú òǹtẹ̀: ọjọ́ báyìí ni ọjọ́ tó kẹ́yìn tí o lè pẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí kò bá mọ̀wé, ọmọ rẹ̀ yóò kà á fún un, yóò sì mọ ọjọ́ tó yẹ kó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà lọ́yà.

Èmi ni mo jókòó sábẹ́ adájọ́ lọ́jọ́ tí ìdájọ́ ìyá elélùbọ́ jáde. Mo mọ ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta rẹ̀ máa pé. Kò béèrè, n kò sì sọ fún un.