Ṣé Àgọ́ Inú Ọgbà Tó Owó Tí A Ó Ná Lé E?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ owó ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé. Láti Ìbàdàn títí dé àwọn ìlú kéékèèké bí Àkànrán níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó ti di àṣà pé bí ènìyàn bá kọ́ ilé tán, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ilẹ̀ tí ó ṣẹ́kù nínú ọgbà. Yóò ní òun fẹ́ kọ́ àgọ́ kan sí i, àgọ́ tí kò ní ògiri, tí ó jẹ́ òpó àti òrùlé nìkan, níbi tí òun yóò ti máa gba atẹ́gùn. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ní irú rẹ̀, àwọn olówó ní irú rẹ̀. Àwa olùkọ́ ńkọ́, àti ẹ̀yin oníṣòwò, àwa tí a máa ń ka owó lẹ́ẹ̀mejì kí a tó ná an lẹ́ẹ̀kan?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo jókòó láti bú àwọn tí wọ́n ti kọ́ tiwọn. Ibòji kì í ṣe ohun fàájì lásán ní ilẹ̀ wa. Àwọn baba wa kì í jókòó sínú yàrá ní ọ̀sán gangan. Ní ìlú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń wà, tàbí abẹ́ igi ọdán níwájú ilé. Ní oko, abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ni. Agbo ilé àtijọ́ yí àgbàlá ká, ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn, ewé tàbí koríko ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, ooru kò sì tètè wọ inú rẹ̀. Nígbà tí owó kòkó dé, a ṣí koríko kúrò, a kan páànù. Páànù dára, kì í tètè jò, kì í sì í gbiná bí koríko, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó sábẹ́ páànù tí kò ní sílíìnì lọ́sàn-án oṣù kejì ọdún mọ ohun tí mo ń wí. Lẹ́yìn náà ni a tún gba irú ilé tuntun tí kò ní àgbàlá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kò sì gba àga méjì. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ tí fáànù dákẹ́, inú ilé di ààrò. Nítorí náà, ẹni tí ó ń wá àgọ́ kọ́ sínú ọgbà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó sọnù ni ó ń wá kiri.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ àgọ́ inú ọgbà dáadáa, ṣùgbọ́n ìdí tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Òtútù ni ọ̀tá tiwọn. Oòrùn ni wọ́n ń wá. Bernard Shaw, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1925, ní ahéré pákó kékeré kan nínú ọgbà rẹ̀ ní abúlé Ayot St Lawrence ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbé ahéré náà lé orí irin tí ó ń yí, kí ó lè máa yí i tẹ̀lé oòrùn. Ibẹ̀ ni ó ti ń kọ̀wé títí ó fi di arúgbó. Ọdún 1950 ni ó kú. Ẹ wò ó: òun ń lé oòrùn kiri, àwa ń sá fún un. Síbẹ̀, ohun kan wà tí ó yẹ kí a rí kọ́. Ahéré Shaw kéré, kò sì ní ọ̀ṣọ́ kankan, ṣùgbọ́n kò ṣófo. Iṣẹ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ, iṣẹ́ náà ni wọ́n sì ń lò ó fún.

Èyí ni ó gbé mi dé ọ̀rọ̀ ilé tèmi. Èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi wà nínú àjọ kan. Àwa méjìlá ni, a ń dá 50,000 náírà lóṣooṣù, ó sì kàn wá láti kó 600,000. Bàbá mi, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ti kúrò ní abà wá bá wa gbé ní Àkànrán, nítorí pé ẹsẹ̀ wọn kò gbé oko mọ́. Inú yàrá ni wọ́n ń jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìyàwó mi ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

“Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo Bàbá dáadáa. Ní abà, wọ́n ń rí ẹni tí ń kọjá, wọ́n sì ń kí ènìyàn. Níbí, ògiri ni wọ́n ń wò. Ẹ jẹ́ kí a fi lára owó àjọ yìí ṣe ibi ìjókòó fún wọn níta.”

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ rẹ dára, ìyá àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé ń bọ̀ lóṣù tí ń bọ̀, ìwọ náà sì ní o fẹ́ ra gààrí kún ọjà rẹ.”

Ó ní, “N kò gbàgbé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi gbé e wá bá ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò.”

A pe káfíńtà. Ó wọ inú ọgbà, ó ta okùn wọn ilẹ̀, ó sì kọ iye rẹ̀ fún wa: òpó kọnkéré mẹ́fà, táìsì nílẹ̀, òrùlé onígun mẹ́fà, ìjókòó pákó yípo, gbogbo rẹ̀ 580,000 náírà. Ó ní, “Tíṣà, irú èyí ni ó yẹ yín. Bí àlejò bá ti wọlé, wọn yóò mọ̀ pé ilé ọ̀mọ̀wé ni àwọn wà.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ká ìwé náà sí àpò. Bí a bá ṣe é bí ó ti wí, 20,000 péré ni yóò ṣẹ́kù nínú owó àjọ.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí a tó mọ irú ìtẹ́ tí ó yẹ wá, ó yẹ kí a wọn eku náà wò. Mo ra ọparun díẹ̀, àwọn ọmọ gé imọ̀ ọ̀pẹ wá láti oko, a sì pa àtíbàbà kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí ènìyàn ti lè máa wo ọ̀nà. Gbogbo owó tí a ná kò ju 9,000 náírà lọ. Mo gbé àga gbọọrọ méjì sábẹ́ rẹ̀. Mo wá mú ìwé kan, mo fa ìlà sí i bí rẹ́jísítà kíláàsì, mo sì ń kọ ẹni tí ó bá jókòó níbẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ohun tí rẹ́jísítà náà sọ nìyí. Nínú ọjọ́ 28, Bàbá jókòó níbẹ̀ ní ọjọ́ 26, láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Ní ọjọ́ méjì yòókù, ara wọn kò dá. Ìyàwó mi bó ẹ̀gúsí níbẹ̀ ní ọjọ́ 15. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ń wá ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, inú pálọ̀ ni wọ́n máa ń há ara wọn mọ́. Ní ti èmi alára, tí káfíńtà fẹ́ kọ́ ààfin fún, ọjọ́ márùn-ún péré ni mo fi jókòó níbẹ̀ fún ìgbafẹ́. Àlejò ńlá tí à bá fi òpó kọnkéré hàn, ẹyọ kan kò wá. Ohun kan sì tún wà tí kò ṣeé kọ sí rẹ́jísítà. Àwọn tí ń lọ sí oko bẹ̀rẹ̀ sí yà kí Bàbá. Ọ̀kan ń béèrè ààlà ilẹ̀, èkejì ń béèrè ọdún tí a gbin oko kòkó kan. Bàbá tí kì í ju “ẹ ṣeun” lọ nínú yàrá bẹ̀rẹ̀ sí pa ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò ó bí oníṣòwò. Ká ní a ó lo àgọ́ káfíńtà, ti 580,000, fún ọdún márùn-ún. Ìyẹn jẹ́ 116,000 lọ́dún. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́wàá péré ni ènìyàn ń jókòó síbẹ̀ lọ́dún, nígbà Kérésìmesì, Iléyá àti ìsọmọlórúkọ, ìjókòó ọjọ́ kan di 11,600 náírà. Ó sàn kí onítọ̀hún háyà kánópì. Ẹnìkan lè sọ pé kọnkéré yóò lò ju ọdún márùn-ún lọ. Òótọ́ ni. Ká fún un ní ogún ọdún, yóò jẹ́ 29,000 lọ́dún. Ṣùgbọ́n a kò ní san owó náà fún káfíńtà ní ogún ọdún; lọ́dún yìí ni yóò gbà á, lọ́dún yìí kan náà sì ni ọmọ yóò lọ sí ilé-ìwé.

Àwa ará Àkànrán ni ó yẹ kí a mọ irú ìbéèrè yìí dáadáa. Nígbà ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ní 1968 àti 1969, tí Tàfá Adéoyè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú rẹ̀, ìlú wa wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná. Àwọn àgbẹ̀ rí i pé owó-orí wúwo, owó kòkó kò tó nǹkan, ọ̀nà oko kò sì dára. Wọ́n béèrè ohun tí àwọn ń rí gbà fún owó tí àwọn ń san. Ẹni tí ó lè bi ìjọba bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó lè bi ara rẹ̀ nínú ilé. Ìbéèrè náà sì wúlò nígbà tí owó bá pọ̀ ju ìgbà tí kò sí lọ. Ní 2024, iye kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ gidigidi. Owó ọdún kan lè kọ́ ohun tí owó ọdún kejì kò ní lè tún ṣe.

Ẹni tí ó bá sì ti rí i pé òun yóò lo àgọ́, kí ó ṣọ́ra fún ohun mẹ́ta: ẹ̀fúùfù, ikán àti òrùlé. Àgọ́ tí kò ní ògiri, ẹ̀fúùfù ń wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì ń gbé òrùlé rẹ̀ sókè bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ìjì tí ó máa ń ṣíwájú òjò ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, láti ìhà ìlà-oòrùn ni ó sábà ń wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n da kọnkéré sí ìdí òpó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi irin mú òpó mọ́ kọnkéré, kí wọ́n tún fi irin mú òrùlé mọ́ òpó. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìṣó nìkan. Igi tí kò bá kan ilẹ̀, ikán kì í tètè rí i jẹ. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, kí etí òrùlé wálẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé.

Ní ti òrùlé, koríko tutù ju páànù lọ, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, wọ́n ní ọdún Bẹẹrẹ, tí àwọn ará ìlú ń kó koríko wá fún Aláàfin láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Ọba ní odidi ìlú tí ń ru koríko wá. Àwa tíṣà, ta ni yóò rù ú wá fún wa? Páànù ni kí a kàn, kí a ta ẹní ọparun sábẹ́ rẹ̀, kí a sì fi àyè sílẹ̀ láàrin méjèèjì kí ooru lè máa bá ibẹ̀ jáde.

Ohun tí a pinnu nìyí. Òpó igi mẹ́rin, òrùlé páànù, ẹní ọparun lábẹ́ rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ nílẹ̀, àga gbọọrọ méjì, àti àga ìrọ̀gbọ̀kú kan fún Bàbá, gbogbo rẹ̀ 180,000 náírà. Fún ọdún márùn-ún, ìyẹn jẹ́ 36,000 lọ́dún. Bí a bá sì lò ó ní ọjọ́ 300 lọ́dún, 120 náírà ni lójúmọ́. Nínú 420,000 tí ó ṣẹ́kù, 200,000 lọ sí owó ilé-ìwé, 220,000 sì bọ́ sí ọjà gààrí. Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ẹ ti gé àgọ́ yìí kúrú jù.” Mo ní, “Káfíńtà, ilẹ̀ ni ẹ̀yin wọ̀n. Àwa wọn àwọn tí yóò jókòó.” Nígbà tí Bàbá gbọ́, wọ́n fi tiwọn kún un: “Ẹ gbin máńgòrò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí páànù yín bá fi máa gbó, igi á ti lè ṣíji bò yín.” A ti gbin ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí àgọ́ bá wà lọ́kàn yín, ẹ kọ́kọ́ pa àtíbàbà, kí ẹ sì ka àwọn tí ó bá jókòó fún oṣù kan. Bí ó bá jẹ́ ẹyin àti ewúrẹ́ nìkan ni ẹ bá lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbin igi kí ẹ sì tọ́jú owó yín. Bí ẹ bá rí àgbà, ọmọ ilé-ìwé àti ìyàwó tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ kọ́ ọ, kí ẹ kọ́ ìwọ̀n tí ó gbà wọ́n. Ẹni tí ó bá sì ti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó fẹ̀, kí ó lọ kó àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo àti kẹ̀kẹ́ tí ó ti bàjẹ́ kúrò níbẹ̀ ná. Bóyá àgọ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.