Kí Ìyá Àgbà Tó Kú Ni Ká Tún Ilé Ṣe

Ọ̀rọ̀ ilé la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ilé tuntun tí kálukú wa ń rò pé òun yóò kọ́ bí òun bá ríṣẹ́. Ilé tó ti wà nílẹ̀ là ń sọ: ilé ẹbí, ilé alámọ̀ tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, tí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà kan ṣì ń gbé inú rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ní Ìkìrun, ní Òkè-Igbó, tàbí nínú agbo ilé kan ní ìgboro Ìbàdàn.

Ṣé ẹ ti ṣàkíyèsí ìgbà tí ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń rántí tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe? Ìgbà tí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ bá kú ni. Ilé á ti máa jò láti ọdún gbọọrọ. Bí òjò bá ṣú, ìyá àgbà á gbé bàsíà sábẹ́ ojú ibi tó ń jò, á wọ́ ẹní rẹ̀ lọ sí igun kejì. Bí ẹnìkan bá dá a sílẹ̀ nípàdé ẹbí, wọ́n á ní kò sówó. Ọjọ́ tí ìyá bá dákẹ́, owó á yọjú. Kí òkú tó wọlẹ̀, bíríkìlà á ti dé, wọ́n á ti kun iwájú ilé ní ọ̀dà, wọ́n á ti tẹ́ táìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á sì ti ṣe ilé ìyàgbẹ́ tuntun nítorí àwọn àlejò tó ń bọ̀. Ẹni tó nílò ilé ìyàgbẹ́ yẹn jù lọ ni wọ́n ń sin.

A ò bẹnu àtẹ́ lu òkú ṣíṣe o. Ẹ̀kọ́ àṣà wà lára ohun tí à ń kọ́, a sì mọ iyì òkú àgbà láwùjọ Yorùbá. Ohun tí à ń sọ ni pé owó kékeré tó wà lọ́wọ́ ẹbí, ẹni tó wà láàyè ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Bí a bá sì gbà pé ẹni tó wà láàyè là ń tún ilé ṣe fún, a ó mọ ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Òrùlé la ó ti bẹ̀rẹ̀, iwájú ilé la ó fi kádìí.

Kì í ṣe gbogbo ilé tó ń jò ló nílò òrùlé tuntun. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà gòkè lọ wò ó kó tó dárúkọ owó. Nígbà mìíràn, páànù mẹ́rin tàbí márùn-ún ló jẹrà, ìyókù ṣì le. Nígbà mìíràn, ìṣó ló tú tí omi ń gba ojú ihò rẹ̀ wọlé. Ibi tó ga lára páànù là ń kan ìṣó mọ́, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀, nítorí inú kòtò lomi ń bá ṣàn. Kí rọ́bà sì wà lábẹ́ orí ìṣó. Kí káfíńtà fi òòlù kan àwọn igi òrùlé níkọ̀ọ̀kan kó fetí sí i. Èyí tí ikán ti jẹ nínú, dídún rẹ̀ á yàtọ̀. Ìyẹn la ó pààrọ̀, a ó sì fi oògùn ikán pa ìyókù lára. Bó bá di dandan láti ra páànù tuntun, ẹ béèrè bó ṣe nípọn kí ẹ tó béèrè àwọ̀. Páànù 0.55 mm le ju 0.45 mm lọ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀kan díwọ̀n owó èkejì fún yín.

Lẹ́yìn òrùlé, ẹsẹ̀ ògiri ló kàn. Omi tó ń ta sí ẹsẹ̀ ògiri alámọ̀ lọ́dọọdún ló ń jẹ ẹ́ títí tó fi ń dá lulẹ̀. Ṣọ́bìrì, ọkọ́ àti òógùn lèyí ń ná wa: ká gbẹ́ ojú ìṣàn tí yóò gbé omi lọ sínú gọ́tà, ká má jẹ́ kí ilẹ̀ ìta ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kí ògiri tó lanu, omi ló máa ń kọ́kọ́ là á.

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń fi owó ṣòfò. Wọ́n á pe bíríkìlà kó wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ara ògiri alámọ̀ kó lè dà bí ilé búlọ́ọ̀kù. Ó máa ń dára lójú fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ máa ń fa omi sára, ó sì máa ń tú u sílẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kó ráyè tú u. Omi á há sáàárín, amọ̀ á rọ̀, sìmẹ́ǹtì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo. Amọ̀ tí a fi koríko gbígbẹ pò ló ń mú amọ̀. Àwọn ìyá wa tó ń fi bọ̀tọ̀ màlúù pa ògiri àti ilẹ̀ lọ́dọọdún mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, owó kékeré sì ni.

Bí a bá ti ṣe ìwọ̀nyí tán tówó sì kù, ẹ jẹ́ ká wo wáyà iná, ká wo fèrèsé, ká wo ilé ìyàgbẹ́ tí arúgbó lè dé lóru láìṣubú. Ọ̀dà, táìlì àti P.O.P. lè dúró. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà.

A mọ̀ pé àwọn àgbà kan á ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, níbo lowó ti fẹ́ wá?" Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Òrùlé lọ́dún yìí, ògiri lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀. A kà nípa ọ̀wẹ̀, a kà nípa àáró, a sì ń kọ wọ́n sínú ìdánwò. Láyé àtijọ́, ọkọ ìyàwó máa ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ bá àna rẹ̀ mọ ilé tàbí kó bá a bo òrùlé. Oúnjẹ àti ohun mímu ni àna máa ń pèsè. Ṣé inú ìwé nìkan ni ọ̀wẹ̀ yóò máa gbé ni? Ọmọ ọmọ mẹ́wàá tó wálé lásìkò Kérésì lè gbẹ́ ojú ìṣàn omi láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ohun tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe owó. Ilé ẹbí jẹ́ ilé gbogbo wa, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá tún un ṣe, wọ́n á ní ó fẹ́ gbà á. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe asán, ẹjọ́ ilé ẹbí pọ̀ ní kóòtù. Nítorí náà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí olórí ẹbí pe ìpàdé, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé àtúnṣe kò sọ ẹnikẹ́ni di onílé, kí gbogbo rìsíìtì sì wà níbi tí gbogbo ẹbí ti lè rí i.

Ẹ má jẹ́ kí a fọkàn tán orúkọ tàbí ìtàn pé yóò bá wa tọ́jú ilé. Ilojo Bar, ilé Àgùdà tó wà ní Ìta Tinúbú l'Ékòó, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè láti 1956. Wọ́n wó o ní 2016. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n ọba nìyẹn. Gbogbo ìlú ló ń bá a tún ààfin kọ́. Ilé tiwa, tó bá wó, ó wó náà nìyẹn.

Ẹ̀bẹ̀ wa rèé. Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, bí a bá délé, ẹ jẹ́ ká sùn nínú yàrá ìyá àgbà lóru ọjọ́ tí òjò bá rọ̀. Ká ka iye ibi tó ń jò. Ká ya fọ́tò wọn, ká béèrè iye páànù àti owó káfíńtà, ká wá gbé e sórí WhatsApp ẹbí pẹ̀lú iye tó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ìyá fúnra rẹ̀ tó lanu ṣàdúrà fún wa lábẹ́ òrùlé tí kò jò mọ́.