Jíìpù Ga Sí I, Rọ́bà Bíréèkì Ò Gùn Sí I

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Apápá wọ Ajégúnlẹ̀ lásìkò òjò ti mọ ìdí tí oníṣòwò fi ń wá jíìpù kiri. Omi á bo títì, kòtò tí trélà gbẹ́ á farapamọ́ sábẹ́ omi, mọ́tò kékeré tó bá kó sí i, àfi kí àwọn ọmọ àdúgbò tì í jáde kí wọ́n sì gbowó wọn. Lóòótọ́, láti 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé iṣẹ́ ọ̀nà Òṣòdì sí Apápá fún iléeṣẹ́ Dangote, tí wọ́n sì fi kọnkéré ṣe é, ojú ọ̀nà ńlá ti sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹja, gàrí àti àpò ìrẹsì tó ń lọ sí ọjà Boundary, ṣé orí ọ̀nà ńlá ni wọ́n ń já a sí? Inú àdúgbò ló ń gbà wọlé.

Jíìpù ò sì jìnnà. Èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977 lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì dí òkun Èkó pa ní 1975, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ń gbà wọ̀lú: Hilux, Pajero, 4Runner, Pathfinder. Kéèyàn sì tó rà á tán, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí wọ́n á gbà á ni pé kó gbé e sókè.

Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Bó bá jẹ́ sípíríìnì tó ká bí ejò, wọ́n á fi rọ́bà líle tàbí irin rìbìtì há a, tàbí kí wọ́n fi èyí tó gùn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn Hilux, níbi tí irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tò léra wọn, wọ́n á fi ọ̀kan tàbí méjì kún un. Jíìpù á fi ínṣì méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, ga sí i. Ẹni tó ni ín á yí i po, ẹ̀rín á gba ẹnu ẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Màmá ẹlẹ́ja kan wá gba jíìpù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Olódì.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ò ṣe nǹkan kan sí bíréèkì ẹ̀ ṣá?"

"Màmá, kí ni bíréèkì ṣe? Sípíríìnì lẹ ní ká ṣe, òun náà la ṣe."

"Mo kàn ń bèèrè ni. Ẹrù tí mò ń kó wúwo."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ẹ máa wà á lọ, ẹ ó gbádùn ẹ̀."

Màmá wà á lọ, ó sì gbádùn ẹ̀. Bíréèkì mú lọ́jọ́ náà, ó mú lọ́jọ́ kejì, ó mú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀tàn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyẹn.

Láti ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ bíréèkì títí dé ibi tí táyà wà, kò sí okùn tàbí irin tó so wọ́n pọ̀. Ọ́ìlì ni. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ọ́ìlì á sáré gba inú páìpù irin tó lẹ̀ mọ́ ṣáàsì, á lọ fún bíréèkì mọ́ ara ẹsẹ̀ mọ́tò. Páìpù irin yìí kì í mì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mọ́tò ń fò sókè, ó ń bọ́ sí kòtò, ti iwájú tún ń yí sọ́tùn-ún sósì, irin ò sì lè tẹ̀ lé e. Nítorí náà, rọ́bà ni wọ́n fi parí ọ̀nà náà, rọ́bà tí kò ju nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

Ẹ̀yin télọ̀, ọ̀rọ̀ yín rèé. Aṣọ tí wọ́n gé fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, bí ọmọ náà bá ga, ṣé aṣọ á bá a ga ni? Àwọn tó ṣe jíìpù ti wọn rọ́bà yìí kí wọ́n tó gé e. Wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀, kí ó lè na bí táyà bá já sí kòtò. Mẹkáníìkì wá gbé ara mọ́tò sókè ní ínṣì mẹ́ta, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn ló jẹ tán. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ojú ò lè rí i. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ kan bá já sínú kòtò, tàbí tí wọ́n fi jáàkì gbé mọ́tò láti pààrọ̀ táyà, ẹsẹ̀ mọ́tò á fi rọ́bà bíréèkì rọ̀ bí ẹran tí wọ́n fi kọ́. Ṣọ́ọ̀kì tàbí irin ló yẹ kó dá a dúró, kì í ṣe rọ́bà.

Rọ́bà náà lè má já lọ́jọ́ yẹn. Á máa sán díẹ̀díẹ̀ níbi ẹnu rẹ̀, níbi tí rọ́bà ti wọnú irin. Ìgbà tí ọ́ìlì inú ẹ̀ bá le jù lọ ló máa ń já, ìgbà náà sì ni ìgbà tí awakọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ tagbáratagbára nítorí pé ọmọdé sáré bọ́ sí títì. Àwọn fọganáísà mọ̀ pé nǹkan bí 35 ni wọ́n ń fẹ́ sínú táyà jíìpù. Ọ́ìlì inú rọ́bà kékeré yìí lè kọjá 1,000 lórí ìwọ̀n kan náà. Ẹni tó bá wá lọ gé rọ́bà tí epo bẹntiróòlù ń gbà, tó fi kílíìpù dè é síbẹ̀, ó mọ ohun tó ń wá.

Òótọ́ ni pé mọ́tò ìsinsìnyí pín ọ́ìlì bíréèkì sí ọ̀nà méjì. Bí ọ̀kan bá já, ìdajì ṣì kù. Àmọ́ ìdajì bíréèkì lẹ́yìn trélà, pẹ̀lú ẹrù, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ afárá Ìjọ́ra, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ọ̀tá rí.

Èkó kúkú ti rí i rí. Ní 28 June 2018, bíréèkì tánkà epo kan ò mú mọ́ lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá, tánkà dà nù, iná sọ. Mọ́tò 54 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC kà pé ó jóná, wọ́n sì kéde òkú mẹ́sàn-án. Afẹ́fẹ́ ni bíréèkì ọkọ̀ ńlá ń lò, ọ́ìlì ni ti jíìpù. Ẹni tó wà níwájú wọn ò ní dúró bèèrè èwo ni.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ò kà sí. Lábẹ́ ẹ̀yìn Hilux àtijọ́ àti àwọn jíìpù kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó so mọ́ irin tó mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Irin yìí ló ń wọn ẹrù. Bí ẹrù bá pọ̀, ẹ̀yìn mọ́tò á rẹlẹ̀, irin náà á jẹ́ kí ọ́ìlì púpọ̀ lọ sí bíréèkì ẹ̀yìn. Bí mọ́tò bá ṣófo, ẹ̀yìn á ga, á dín ọ́ìlì kù kí táyà ẹ̀yìn má baà gan kí mọ́tò sì yọ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé ẹ̀yìn sókè láì tún irin yìí tò, ogún àpò gàrí lè wà lẹ́yìn, irin á ṣì máa sọ pé mọ́tò ṣófo. Bíréèkì iwájú nìkan á máa ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Àwọn mìíràn á fi wáyà dè é pa kí wọ́n lè sinmi. Ìyẹn náà burú: bí mọ́tò bá ṣófo nínú òjò, ẹ̀yìn á fẹ́ ṣáájú iwájú délé.

Kì í ṣe pé kéèyàn má gbé jíìpù sókè o. Iye tí wọ́n fi gbé e ga, kí wọ́n fi ṣe ti bíréèkì náà. Kí wọ́n ra rọ́bà tó gùn jù ú lọ, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún bíréèkì, tuntun ni o, nítorí rọ́bà ń gbó bó tilẹ̀ wà lórí àtẹ. Bó bá jẹ́ pé díẹ̀ ni wọ́n gbé e, irin kékeré lè sọ ibi tí wọ́n fi rọ́bà kọ́ sí kalẹ̀. Kí ọmọ iṣẹ́ má fi bíréèkì iwájú rọ̀ mọ́ rọ́bà nígbà tó bá tú u. Kó fi wáyà so ó kọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ jáde, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bílíìdì, kí wọ́n sì rọ ọ́ìlì tí wọ́n kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí lára, gẹ́gẹ́ bí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ sí bá ṣe sọ. Omi ọṣẹ kọ́ o! Inú omi ọṣẹ ni ìpatà ti ń jẹ irin, ó sì ń hó bí bíréèkì bá gbóná.

Àyẹ̀wò ẹ̀ ò sì gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Kí wọ́n fi jáàkì gbé ṣáàsì, kí wọ́n fi irin ìdúró gbè é, títí ẹsẹ̀ mọ́tò á fi rọ̀ dánu. Kí wọ́n yí ọwọ́ ìwakọ̀ dé òpin ọ̀tún, kí wọ́n yí i dé òpin òsì. Bí rọ́bà ṣì ká díẹ̀, tí kò sì kan táyà, ó dáa. Kí wọ́n wo wáyà tín-ín-rín tó bá a rìn náà.

Ta wá ni ẹ̀bi? Oníbàárà tó náwó rẹpẹtẹ lórí sípíríìnì, tó wá ń ná rọ́bà bíréèkì bí ẹni ń ná tòmátì, ó ní tiẹ̀ nínú. Àmọ́ ti mẹkáníìkì pọ̀ jù, torí òun ló ń wọ abẹ́ mọ́tò.

Màmá ẹlẹ́ja padà sí Olódì lọ́sẹ̀ kẹta. Ó ní bíréèkì ti ń rọ̀ lẹ́sẹ̀ òun. Wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀yìn. Rọ́bà náà le gbọnrangandan bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ọ́ìlì sì ti ń yọ lẹ́nu ẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó wo ọ̀gá.

Ọ̀gá ò sọ̀rọ̀. Ó kọjú sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀:

"Tú àwọn mẹ́ta tó kù náà."