Ẹ Dárúkọ Ẹni Tó Ni Orin

Ní ìrọ̀lẹ́ àṣà tí ẹgbẹ́ wa ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ti múra sílẹ̀ láti fi fèrè, gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gbé orin kan kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe ìdánrawò. Nígbà tí ìwé ètò jáde, orúkọ wọn kò sí níbẹ̀. Ìdí tí ìgbìmọ̀ fún mi kò ju gbólóhùn kan lọ: orin eré fídíò ni, kì í ṣe àṣà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé n kò ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní. Ọwọ́ mi méjèèjì ló wà níbẹ̀.

Mo foríbalẹ̀ fún àwọn àgbà tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Àwọn ló kọ́ wa ní oríkì ilé wa nígbà tí ilé-ìwé ń fi èdè Faransé bò wá mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ, n ó sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀. Ìgbìmọ̀ ṣìnà. Ohun tí wọ́n pè ní eré ọmọdé, iṣẹ́ ni, ó sì ní òfin kan tí àwa tí a ń pe ara wa ní olùtọ́jú àṣà kì í pa mọ́.

Kí ni iṣẹ́ náà? Ní ọdún 1983, ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé ẹ̀rọ eré kan jáde ní Jàpáànì tó jẹ́ pé ohùn márùn-ún péré ló lè mú jáde lẹ́ẹ̀kan náà: méjì tó ń han bíi fèrè, tó ń gbé orin gangan; ọ̀kan tó rẹlẹ̀; ọ̀kan tó jẹ́ ariwo ṣàà-ṣàà tí wọ́n fi ń ṣe ìlù; àti ọ̀kan tó lè tún ìró kékeré tí a ti gbà sílẹ̀ sọ. Inú àyè tóóró yẹn ni Koji Kondo ti kọ orin Super Mario Bros. ní 1985. Ẹ̀rọ Super Famicom tó tẹ̀lé e ní ohùn mẹ́jọ, ṣùgbọ́n gbogbo àyè tó ní fún ìró kò ju kílóbáìtì 64 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo nínú fóònù yín lónìí jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Níbẹ̀ ni Nobuo Uematsu, ẹni tó fúnra rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ ní orin, ti kọ orin Final Fantasy VI ní 1994. Ẹni tó bá ti rí bí ìyáàlù àti omele ṣe ń pín ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn kò ní bi mí pé báwo ni ohùn díẹ̀ ṣe lè kún agbo.

Àwọn ọmọ tó fi eré wọ̀nyí ṣeré dàgbà, orin náà kò sì kúrò létí wọn. Ní ọdún 1999 ni David Lloyd, ọmọ Amẹ́ríkà kan, dá OverClocked ReMix sílẹ̀, ibi tí àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi orin jẹun ti ń gbé àtúntò orin eré fídíò wá. Àtúntò ni mo wí, n kò wí pé àdàkọ. Ẹni tó bá kàn gbé orin náà bó ṣe wà, tó fi gìtá rọ́pò ohùn ẹ̀rọ, wọn yóò dá a padà fún un. Ẹni tó bá sì yí i tó bẹ́ẹ̀ tí a kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́, wọn yóò dá tirẹ̀ náà padà. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà. Àwọn adájọ́ á gbọ́ ọ, wọn á dìbò, wọn á sì kọ ìdí ìbò wọn sílẹ̀ ní gbangba. Ẹni tó yege kò gba owó kankan. Ọ̀fẹ́ ni orin náà fún gbogbo ayé. Iye tó ti yege báyìí ti lé ní ẹgbàajì, 4,000.

Mo mọ ìdájọ́ yẹn dáadáa, nítorí ó ti bà mí. Nígbà tí mò ń ṣe licence mi ní Calavi, owó oúnjẹ mi ni mo fi ń jókòó sí cyber ní òru, nígbà tí owó wákàtí máa ń dín. Mo lo LMMS, ètò ìṣorin kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, mo sì mú orin kan nínú Chrono Trigger, eré ọdún 1995 tí Yasunori Mitsuda kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú orin rẹ̀. Mo fi agogo àti ìlù sí i lábẹ́, bíi ti agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí mo ń gbọ́ ní Kétu nígbà èwe mi. Lójú ara mi, mo ti ṣe ohun tí ẹnìkan kò ṣe rí. Oṣù pọ̀ kí èsì tó dé. Wọ́n ní ìlù mi kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní aṣọ tuntun ni mo wọ̀ fún orin náà, n kò tún un bí. Inú mi ru. Mo bú wọn ní Yorùbá, mo sì tún bú wọn ní Faransé. Ọjọ́ kẹta ni mo tún iṣẹ́ mi gbọ́, mo rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò sí ẹni tó ti sọ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi rí nípa orin. Níbi tiwa, ẹni bá kọrin, a ó ní "ó dùn, ó dùn," a ó sì lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Owó dára, ṣùgbọ́n owó kì í fi ibi tí ìlù ti kú hanni.

Kí n má purọ́, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà ṣìnà pẹ̀lú. Ó ní agogo mi kò bá àkókò mu. Agogo mi bá àkókò mu. Òun ni kò mọ bí a ti ń fi mẹ́ta lu méjì. Ọmọ ọdún méje ní Kétu kò ní ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ gìtá, wọ́n mọ dùùrù, wọ́n mọ ìró àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá ti Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì jókòó ti agbo ìlù wa rí. Ṣé èyí ló wá yẹ kó mú wa sá fún wọn? Èmi rò pé òun gan-an ló yẹ kó mú wa lọ. Mo kọ̀wé sí adájọ́ náà, mo ka agogo fún un ní oókan-oókan títí ó fi gbọ́ ọ, ó sì dúpẹ́. Ó tún dá orin mi padà lẹ́ẹ̀kejì, fún ìdí mìíràn, èyí sì tọ́. Ẹ̀kẹta kò tíì parí. Mo ti di baba ọmọ méjì láti ìgbà náà.

Wọ́n ní orin àjèjì ni. Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí eré Buriyan bá jáde ní Àjàṣẹ́, tí àwọn ọmọ Àgùdà ń jó, ta ní í dìde láti sọ pé Bùràsíìlì ni wọ́n ti gbé e wá, kí wọ́n dá a padà? Ìpè idẹ tó ń sin òkú wa lọ sí itẹ́, ṣé alágbẹ̀dẹ wa ló rọ ọ́? Ní 2018, Angélique Kidjo, tí wọ́n bí ní Ouidah, tún odindi àwo Remain in Light tò, àwo tí ẹgbẹ́ Talking Heads ti Amẹ́ríkà ṣe ní 1980. Àwọn tó ṣe àwo àkọ́kọ́ yẹn kò fi pamọ́ rí pé orin Fela ti wọ̀ wọ́n lára kí wọ́n tó ṣe é. Ohun tó lọ ti padà wálé, ó sì gba ẹnu ọmọbìnrin Bẹ̀nẹ̀ padà wá. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Kí ló wá dé tí ohun tó jẹ́ ọgbọ́n lọ́wọ́ Kidjo fi di ìranù lọ́wọ́ ọmọ lycée?

Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ "eré" náà ló ń bí wọn nínú, kí wọ́n gbọ́ èyí. Baba Yetu, tí Christopher Tin kọ fún eré Civilization IV ní 2005, ni orin eré fídíò àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Grammy, ní 2011. Èdè Swahili ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹ̀bùn tí ó gbà, ẹ̀bùn ìtò orin ni. Ará Amẹ́ríkà lo èdè Áfíríkà, ó fi gorí pèpéle tó ga jù. Àwa ń lé ọmọ tiwa sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí pèpéle onípákó.

Wọ́n tún ní olè ni. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, n kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn tí ń tún orin tò kì í tà á, ṣùgbọ́n àìtà nìkan kò sọ ohun ẹlòmíràn di tẹni. Ní 2012, àwọn OverClocked ReMix fẹ́ gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ará ayé láti fi ṣe àwo àtúntò Final Fantasy VI. Ilé-iṣẹ́ Square Enix tó ni eré náà dá wọn dúró. Wọn kò sá pamọ́. Wọ́n bá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gba àṣẹ, wọ́n padà wá, àwo Balance and Ruin sì jáde ní 2013 pẹ̀lú orin 74, ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́. Olè kì í kan ilẹ̀kùn.

Ó sì kù síbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Lára gbogbo àtúntò tí wọ́n bá gbé jáde, ẹ ó rí orúkọ eré tí orin náà ti wá, ẹ ó rí orúkọ orin ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹ ó sì rí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Èyí kò rọrùn bó ṣe dún létí. Ní àwọn ọdún 1980 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1990, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ eré ní Jàpáànì kì í jẹ́ kí olórin fi orúkọ gidi sí iṣẹ́ rẹ̀. Ìnagijẹ ni wọ́n ń kọ, kí ilé-iṣẹ́ mìíràn má baà wá fa ẹni náà lọ. Yoko Shimomura, obìnrin tó kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú orin Street Fighter II ní 1991, ìnagijẹ ló fi wà nínú rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ orin yìí, àwọn tí a ń pè ní aláìníṣẹ́, ló jókòó, tí wọ́n wádìí orúkọ gidi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì kọ ọ́ síbi tí ayé ti lè rí i. Nígbà tí Capcom fẹ́ sọ eré náà di ọ̀tun ní 2008, àwọn OverClocked ReMix yìí kan náà ni wọ́n bẹ̀ pé kí wọ́n wá tún orin rẹ̀ tò.

Ẹ wá mú àwo tí ẹgbẹ́ wa gbé jáde, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Orin mọ́kànlá ló wà lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni a kọ "chant traditionnel". Ta ń jẹ́ traditionnel? Ọmọ ilé wo ni? Ọ̀kan nínú àwọn orin yẹn, orin ẹ̀fẹ̀ ni. Àwọn tó wà ní agbo lóru ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ ṣì wà láàyè, ọmọ ẹni tó kọ ọ́ sì jókòó ní ìlà kẹta nígbà tí a ń ta àwo náà. Ó ra ọ̀kan. Ó fi owó rẹ̀ ra ìwé tó sọ pé bàbá òun kò lórúkọ.

Àwa la ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yangàn pé UNESCO ti kéde rẹ̀ ní 2001, a kì í sì í jẹ́ kí àlejò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọlọ́fẹ̀ẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe bí a ti ń ṣe yìí. Kó tó la ẹnu, ó ti júbà. Ó dárúkọ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ wọ agbo. Òfin tiwa ni, a ti jù ú nù, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣeré fídíò sì ti rí i he lójú ọ̀nà tiwọn. Ìbà ni wọ́n ń jú fún Uematsu àti fún Shimomura. Àwa ń kọ "traditionnel" nítorí pé ó yá lọ́wọ́ ju kí a rìn dé Sábẹ̀ẹ́ lọ béèrè.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kò pọ̀. Kí a tún ìwé ẹ̀yìn àwo náà tẹ̀. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn orúkọ náà. Mẹ́rin ti wà lọ́wọ́ wa nínú mọ́kànlá, a ó sì wá ìyókù nígbà ìsinmi. Bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́ àṣà tó ń bọ̀, kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ orin kí wọ́n tó kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀: ibi tí fèrè ti ya, ibi tí gángan ti pa ọ̀rọ̀ jẹ. Ọmọ tí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yóò sunkún, yóò sì padà wá. Ọmọ tí a bá sọ fún pé ohun tó fẹ́ràn kì í ṣe àṣà kò ní padà wá mọ́.

Orin tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò, ti Koji Kondo ni, láti inú The Legend of Zelda: Ocarina of Time, 1998. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé tí wọ́n fún ìgbìmọ̀ ni wọ́n kọ èyí sí, bí mo ti kọ́ wọn. Ẹni tó ń fọn fèrè yóò ṣe baccalauréat ní oṣù kẹfà. Kò ní sí ní lycée mọ́ ní ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́rú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n máa ń ṣe ìdánrawò, ní yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé. Bí àwọn àgbà ìgbìmọ̀ bá fẹ́ gbọ́ wọn, àga wà nílẹ̀. Kí wọ́n jọ̀wọ́ mú kálámù dání.