Èèyàn mélòó ló wà l'Ékòó? Bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n ibi tí wọn ò kà

Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà, 2006 ni. Àjọ NPC ní a lé ní mílíọ̀nù 140: Kánò 9,401,288, Èkó 9,113,605. Ìjọba Èkó yarí, wọ́n ní àwọn ka èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 17. Òmíràn yẹ kó wáyé ní oṣù Karùn-ún 2023, ìjọba Buhari sún un síwájú.

Kí wá là ń lò? Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí wọ́n mú iye 2006, kí wọ́n máa fi ìdá kan kún un lọ́dọọdún. Àmọ́ bí ìpìlẹ̀ bá ti wọ́, bí ilé ṣe ń ga ló ń wọ́ sí i.

Ọ̀nà kejì wà. Àwọn WorldPop ní Yunifásítì Southampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti lò ó fún Nàìjíríà. Wọ́n á fi àwòrán sátẹ́láìtì wo ilé, wọ́n á ka àdúgbò díẹ̀ lójúlé dé ojúlé, wọ́n á wá fi ìṣirò díwọ̀n ibi tí ẹsẹ̀ ò dé.

Ohun kan tó gbé irú ìṣirò báyìí ró ni pé ibi tó súnmọ́ra sábà máa ń jọra. Mushin máa jọ Oṣòdì ju bó ṣe máa jọ Ìṣẹ́yìn lọ. Ní 1951, Danie Krige, ẹnjiníà ìwakùsà ní Gúúsù Áfíríkà, ń fi ìwọ̀nba ihò tí wọ́n gbẹ́ díwọ̀n wúrà tó wà láàárín wọn. Georges Matheron, ará Faransé, ló sọ ọ́ di ìmọ̀ ìṣirò gidi, ó sì fi orúkọ Krige pè é: kriging.

Ṣùgbọ́n ìsúnmọ́ra nìkan ò tó. Makoko àti Ìkòyí ò jìnnà síra. Òrùlé kan n'Íkòyí lè jẹ́ ti ìdílé kan. Irú ẹ̀ ní face-me-I-face-you Mushin lè bo ìdílé mẹ́wàá. Sátẹ́láìtì ò ríran wọnú yàrá. Ìdí nìyẹn tí oníṣirò gidi fi ń ya irú àdúgbò sọ́tọ̀, tá á sì sọ ibi tí iye náà lè kéré dé àti ibi tó lè pọ̀ dé. Ẹni tó bá ju iye kan ṣoṣo sílẹ̀ fún yín, ẹ fura sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìwé. Nígbà tí wọ́n ń gbógun ti rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ lókè Ọya, sátẹ́láìtì fi àwọn abúlé hàn tí kò sí lórí máàpù táwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára ń tẹ̀ lé. Abúlé tí kò sí lórí ìwé, ta ló máa wá ọmọ ibẹ̀ lọ? Ní oṣù Kẹjọ 2020, àjọ WHO kéde pé wild polio ti kásẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà.

Tèmi ni pé ìdíwọ̀n lè sọ ibi tí a ó gbé àjẹsára lọ. Àmọ́ iye èèyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó fún àwọn ìpínlẹ̀, ìyẹn ò ṣeé fi ìdíwọ̀n nìkan ṣe. Ìṣirò fúnra rẹ̀, orí àwọn àdúgbò díẹ̀ tí wọ́n kà ló dúró lé. Tí wọ́n bá parọ́ níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á kàn bá wọn tan irọ́ náà dé gbogbo ìlú ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá kà wá.