Inú Rírun Ọmọ Tí Ó Ní Rọ́bà Lórí Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Àgbo

Ẹ̀yin òbí wa ní Àrígìdì Àkókó, ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí orí ọmọ-ọwọ́ bá ń tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ wú, tí ẹyinjú rẹ̀ sì ń wo ìsàlẹ̀ ṣáá, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Omi inú ọpọlọ ni kò rí ọ̀nà gbà bí ó ti yẹ. Láti ọdún 1962 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH, Ìbàdàn, ni ìmọ̀ yìí ti fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni àwọn oníṣègùn máa ń fi sí orí ọmọ náà. Wọn a mú un gba abẹ́ awọ ọrùn àti àyà wọ inú ikùn, kí omi lè máa ṣàn síbẹ̀, kí ara sì fà á mu. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdajì ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún àwọn ìyá: a ní kí wọ́n ṣọ́ orí, a kò tẹnu mọ́ ikùn.

Ikùn ni rọ́bà parí sí, ibẹ̀ pẹ̀lú ni ewu lè ti yọjú. Kòkòrò àrùn lè bá rọ́bà dé inú ikùn. Omi lè dá jọ sójú kan bí àpò. Ìpá lè yọ. Nígbà mìíràn, rọ́bà lè lu ìfun, kí ẹnu rẹ̀ sì yọ ní ihò ìdí ọmọ. Bí ẹnu rẹ̀ bá dí, omi yóò tún kún orí: ọmọ yóò máa bì, yóò máa sùn ní àsùnjù, gìrì sì lè mú un.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé bí inú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń run, aládùúgbò kan a ní aràn ni, òmíràn a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Àgbo a bẹ̀rẹ̀, gbẹ́rẹ́ a tẹ̀ lé e, ọjọ́ a sì máa lọ. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Èrò mi ni pé kí á kọ́kọ́ ka ibà, èébì, ikùn wíwú tàbí inú rírun ọmọ tí ó ní rọ́bà sí ọ̀rọ̀ rọ́bà náà, títí oníṣègùn yóò fi sọ pé kì í ṣe òun. Òtítọ́ ni pé Ìbàdàn jìnnà, owó ọkọ̀ sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé-ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkàrẹ́. Ẹ gbé ọmọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fi káàdì iṣẹ́ abẹ hàn, kí wọ́n lè tètè fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn tí ó fi rọ́bà sí i. Bí rọ́bà bá yọ ní ìdí, ẹ má ṣe fà á, ẹ má sì ṣe tì í padà.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, kí ẹ tó kọ oògùn ibà, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí àti ọrùn ọmọ, ẹ bèèrè bóyá rọ́bà wà níbẹ̀.

Ọjọ́ tí a kúrò ní ilé-ìwòsàn kọ́ ni ìtọ́jú parí. Ìlera lọrọ̀.